Ẹni Tó Gbé Orin Fisáyọ̀mi Tà

Nígbà tí Awóyẹmí padà sí Ilé-Ifẹ̀, àpótí aṣọ kan ló gbé lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì fi aṣọ ìbora wé dùùrù oníná rẹ̀, ó gbé e há abíyá òsì. Ọdún náà ni àwọn ilé ijó tó gbẹ̀yìn ní àdúgbò tó ń gbé ní Èkó kógbá sílé. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì mọ̀ láyé.

Iṣẹ́ náà ni pé kó fi dùùrù gbé orin ijó ró. Ní ìgbà tí ayé ṣì dára, bí ilé-iṣẹ́ àwo orin bá fẹ́ orin tí yóò gbé àwọn ọ̀dọ́ kúrò lórí àga, Awóyẹmí ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Orúkọ rẹ̀ kì í sí níwájú àwo. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ní lẹ́tà kóńkóló, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Kò dùn ún. Bó bá ń kọjá níwájú ilé ijó tó gbọ́ tí ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó wà nínú, á rẹ́rìn-ín músẹ́, torí ó mọ ẹni tó ń mì ín.

Nǹkan wá yí padà, ìyípadà náà kò sì ké sí ẹnikẹ́ni kó tó dé. Ẹ̀rù olè àti ẹ̀rù ṣọ́jà kò jẹ́ kí ènìyàn jáde lọ jó mọ́. Ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì gba ìgboro. Ìjọ gba gbọ̀ngán yìí, oníṣòwò sìmẹ́ǹtì gba tọ̀hún. Ilé-iṣẹ́ tí Awóyẹmí ń bá ṣiṣẹ́ ta ẹ̀rọ tó fi ń tẹ àwo fún àwọn tó fẹ́ yọ irin ara rẹ̀. Àwọn díẹ̀ tó ṣì ń ṣe orin ijó wá ń ṣe ọ̀kan náà ṣáá: ìlù ẹ̀rọ kan náà, èdè òyìnbó kan náà, olólùfẹ́ kan náà tí kò dárúkọ. Awóyẹmí kò lè bú wọn. Òun náà wà lára àwọn tó ṣe é títí ó fi sú aráyé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Kíkẹ́lọmọ, tó jẹ́ olùkọ́, tí ọkọ rẹ̀ sì ti kú, fún un ní yàrá ẹ̀yìn nílé rẹ̀ ní Párákin. Bí àwọn ará àdúgbò bá bi Awóyẹmí léèrè, á ní, "Mo wá sinmi díẹ̀ ni." Nígbà tó yá, wọn kò bi í mọ́. Ìyẹn gan-an ló wá ń dẹ́rù bà á. Á jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa wo ìka rẹ̀. Èrò kan ṣoṣo ló ń pààrà ọkàn rẹ̀: iṣẹ́ mi ti kú kí n tó kú.

Kíkẹ́lọmọ ní ọmọbìnrin kan, Fisáyọ̀mi, tó ń kàwé ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ yunifásítì ń yanṣẹ́ lódì lọ́dún náà, ilé ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wà. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, Fisáyọ̀mi á wọ bàtà, á ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, kò ní í padà títí oòrùn yóò fi rọ̀. Inú fu Kíkẹ́lọmọ, àyà sì fu ú.

"Wóyẹ, bá mi tẹ̀ lé e," ó sọ fún àbúrò rẹ̀. "Bó jẹ́ ọkùnrin ni, kí n mọ̀. Bó jẹ́ òṣèlú ni, kí n tètè mọ̀. Ìwọ náà mọ bí ìlú ṣe rí. Wọ́n ń kó ènìyàn lórí ohun tí kò tó nǹkan."

Awóyẹmí tẹ̀ lé e. Ọ̀kadà gbé ọmọ náà lọ sí Sábó, òun náà fi ọ̀kadà mìíràn tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, títí dé ilé gbọọrọ kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń so màlúù mọ́. Ilé tí wọ́n ń kó alùbọ́sà sí tẹ́lẹ̀ ni, òórùn alùbọ́sà kò sì tí ì kúrò níbẹ̀. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ni nǹkan kan ti gbá a láyà. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ìlọta ni, nítorí ìró náà ni: gbìgì-gbìgì-gbìì, gbìgì-gbìgì-gbìì. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ dùùrù tó ń wọ́ bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí omi tó ń ṣàn lábẹ́ afárá. Lórí gbogbo rẹ̀, ohùn Fisáyọ̀mi ni. Kò kọrin. Ó ń fi èdè Ifẹ̀ pọ́nbélé pe orúkọ àwọn àdúgbò tí wọ́n ti mú iná lọ, Ìlódè, Ìrẹmọ, Òkèrèwè, bí ìyá àgbà tó ń bá àwọn ọmọọmọ wí.

Àwọn ọ̀dọ́ kún inú ilé náà, wọ́n ń jó ní ojúmọmọ, wọ́n ń làágùn, láìmu ọtí kankan. Awóyẹmí wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rí i pé ẹsẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ láìgbàṣẹ. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí i gbẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn. Kò pẹ́ tí nǹkan mìíràn fi gorí ayọ̀ náà, nǹkan tó korò bí ewúro: kí ló dé tí kì í ṣe èmi ni mo ṣe é?

Fisáyọ̀mi rí i. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé Awóyẹmí ń mi orí, ó sáré wá.

"Bọ̀dá Wóyẹ! Màmi ló rán yín, àbí?"

"Òun ni. Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni. Èmi pẹ̀lú Aminullah." Ó tọ́ka sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ, ọmọ Mùsùlùmí ará Ẹdẹ tí wọ́n bí sí Ifẹ̀, tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ọjà. "Aminullah ló gba ohùn ẹ̀rọ ìlọta sílẹ̀. Oníṣòwò alùbọ́sà kan ló yá wa ní ilé."

"Ta ló máa bá yín tà á?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó ń tà á. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó mú kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wá, a ó gbà á sílẹ̀ fún un. Tiyín rèé. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, kẹ́ ẹ sọ ibi tó kù sí fún mi. Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tó lè sọ òótọ́."

Awóyẹmí fi kásẹ́ẹ̀tì náà sápò. Ó sọ fún Kíkẹ́lọmọ pé ijó lásán ni àwọn ọmọ náà ń jó, kò sí ọkùnrin, kò sí òṣèlú. Kíkẹ́lọmọ mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n Awóyẹmí kò mí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ó ń gbọ́ orin náà, ó ń wá ibi tó kù sí, kò rí i.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni Ọ̀gá Fákúnlé, tó jẹ́ olórí rẹ̀ nílé-iṣẹ́ àwo orin, wá sí Ifẹ̀ wá kí àwọn àna rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí i pé kó wá pàdé òun ní Ẹnuwá. Ó bá a nínú mọ́tò tó ti gbó, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nítorí ooru. Ọkùnrin náà ti rù. Ìbàdàn ló wà báyìí, ó dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀.

"Awóyẹmí, ọjà ti bàjẹ́, ìwọ náà mọ̀," ni Ọ̀gá Fákúnlé wí. "Gbogbo orin tí wọ́n ń gbé wá fún mi, àfi bí ìbejì. Ohun tí etí ò gbọ́ rí ni mò ń wá. Bí mo bá rí ọ̀kan péré, ilé-iṣẹ́ mi á dìde, èmi àti ìwọ la ó sì jọ dìde. Kí lo ní?"

Kí ló ní? Láti ìgbà tó ti dé, kò fọwọ́ kan dùùrù ju kó nu eruku ara rẹ̀ lọ. Ó rí ara rẹ̀ bó ṣe ń padà sí yàrá ẹ̀yìn yẹn lọ́wọ́ òfìfo, tí yóò sì máa padà síbẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fa kásẹ́ẹ̀tì yọ lápò, ó ti tì í bọ ẹ̀rọ inú mọ́tò.

Ọ̀gá Fákúnlé gbọ́ ọ tán. Ó yí ojú sí i. "Ta ló ṣe èyí?"

Ìdáhùn wà lórí ahọ́n Awóyẹmí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò gùn, kò ṣòro. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ọkùnrin náà ń wò ó bí wọ́n ṣe ń wò ó láyé àtijọ́, bí ẹni tó wúlò.

"Èmi ni, sà," ló jáde.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n wọ sítúdíò n'Íbàdàn. Awóyẹmí parọ́ nílé pé òun ń lọ wo ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣàìsàn. Nínú sítúdíò náà, Ọ̀gá Fákúnlé na ìka sí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ.

"Ẹ kọ́kọ́ yọ ariwo ẹ̀rọ yẹn kúrò."

"Ariwo yẹn gan-an ni orin náà, sà."

"Ta ni yóò fi owó ra ìró ẹ̀rọ ìlọta? Ẹ fi ìlù gidi sí i."

"Ẹ ní ohun tí etí ò gbọ́ rí lẹ ń wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí etí á lè gbà. Ọmọbìnrin tó ń ṣépè yẹn náà, ẹ yọ ọ́. Mo ti ní ẹni tó máa kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí i, ní gẹ̀ẹ́sì."

Awóyẹmí jókòó sídìí dùùrù, ó ń tẹ ohun tí wọ́n ní kó tẹ̀. Wọ́n ń yọ orin náà ní ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tu adìyẹ níyẹ̀ẹ́, títí ó fi kú pátápátá níwájú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó ti kú. Kò dìde.

Láti ọjọ́ yẹn, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Bó bá ń kọjá ní Lágere, níbi tí àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì pàtẹ sí, á fa etí lé ìró tó ń ti inú sípíkà jáde, á máa bẹ̀rù pé orin náà ni yóò gbọ́. Bí kì í bá ṣe orin náà ni, á yára kọjá. Nílé, bí Fisáyọ̀mi bá pe orúkọ rẹ̀, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Ọmọ náà ń bi í léèrè ṣáá pé, "Bọ̀dá Wóyẹ, ẹ ò tí ì sọ ibi tó kù sí." Òun náà á ní, "Mo ṣì ń gbọ́ ọ." Lẹ́ẹ̀mejì ó dìde láti jẹ́wọ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́, àlejò dé. Ní ìgbà kejì, kò sí àlejò kankan, ẹnu rẹ̀ ni kò là.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Fisáyọ̀mi ti ìgboro dé, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé gaàrí àti ẹ̀wà wá fún un bó ṣe máa ń ṣe. Ó gbé e kalẹ̀. Kò kúnlẹ̀.

"Wọ́n ń lu orin yín ní Lágere, sà," ó wí.

Kò pè é ní sà rí. Oúnjẹ náà ń gbé èéfín sí Awóyẹmí lójú.

"Fisáyọ̀, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Mo mọ ìka yín. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ àwo tí ẹ ṣe, màmi ló ń lù wọ́n fún mi. Mi ò ní láti ka ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì." Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Bí ẹ bá béèrè, bóyá mo lè fún yín. Kì í ṣe pé ẹ gbé e ló dùn mí jù. Wọ́n yọ ohùn mi kúrò, ẹ sì wà níbẹ̀, ẹ jókòó."

"Mo sọ fún wọn pé..."

"Ẹ jókòó, sà."

Kíkẹ́lọmọ, tó ń ṣe àmì sí iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ nínú pálọ̀, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wo àbúrò rẹ̀ títí, ó ní, "Inú ilé mi lo ti jí i." Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kò lé e jáde. Ìbá sàn kó lé e.

Orin náà kò tà. Àwọn ènìyàn gbọ́ ọ, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ọ rí, wọ́n sì kọjá lọ. Awóyẹmí wọ mọ́tò lọ s'Íbàdàn, ó jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá Fákúnlé, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ orúkọ Fisáyọ̀mi sára kásẹ́ẹ̀tì náà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín tí kò dénú. "Orúkọ? Sára òkú? Kásẹ́ẹ̀tì yẹn wà nínú páálí nílẹ̀ yẹn, mú èyí tó bá wù ọ́." Ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀, "Ká ní mo ti mọ̀ ni, ọmọ yẹn gan-an ni ǹ bá ránṣẹ́ pè." Awóyẹmí kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Kò mú ìkankan.

Ìgbà tó padà sí Ifẹ̀ ló gbọ́ èyí tó burú jù. Àwọn ọlọ́pàá ti lọ sí ilé alùbọ́sà. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìpàdé ni àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe níbẹ̀, ìpàdé tí ìjọba kò fẹ́. Wọ́n mú Aminullah lọ, wọ́n sì dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ètè tó wú. Oníṣòwò tó nilé sọ pé òun kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ́. Wọ́n ní ẹnì kan ló lọ ṣòfófó.

"Kì í ṣe èmi o," Awóyẹmí sọ fún Fisáyọ̀mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀yin ni." Ó kọjá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n Awóyẹmí rí i pé ó ronú díẹ̀ kó tó fèsì, ríronú yẹn kò sì jẹ́ kó sùn.

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Aminullah. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń jó òjé sára wáyà kan, ètè rẹ̀ kò tí ì san tán.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jókòó."

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

"Èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀." Ó gbé irin gbígbóná náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ó kàn jẹ́ pé ó dùn mí. Fisáyọ̀mi fọkàn tán yín."

Awóyẹmí jókòó. "Ṣé ẹ ṣì máa ṣe é?"

"Mi ò lè sọ fún yín, sà. Ẹ má bínú."

"Mi ò bi ọ́ ní ibi tó wà. Mo kàn ń bẹ̀rù fún yín ni. Orin tí ẹnikẹ́ni kò tà, tí ẹnikẹ́ni kò gbé sórí rédíò, báwo ni yóò ṣe pẹ́? Báwo lẹ ó ṣe jẹun?"

"Rédíò ni mo fi ń jẹun," Aminullah fèsì. "Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó, ẹ ní ilé-iṣẹ́, ẹ ní àwo, ẹ ní ilé ijó. Kí ló kù níbẹ̀? Àwa ò ní ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi àgádágodo tì."

"Wọ́n lè tì yín mọ́lé."

"Ìyẹn ni èmi náà ń bẹ̀rù," ó wí, ó sì tún gbé irin rẹ̀.

Oṣù náà lọ tán. Òjò bẹ̀rẹ̀. Nílé, Fisáyọ̀mi ń kí i láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún un, kò sì sọ̀rọ̀ mìíràn. Ó di ọ̀sán Sátidé kan, Awóyẹmí jókòó sí ẹ̀yìn ilé, ọmọ náà wá dúró sí iwájú rẹ̀.

"Ẹni tó ń tẹ dùùrù fún wa ti lọ sí Jọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀," ó wí. "Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú yín wá. Àwọn kan ò gbà. Aminullah ló bá mi bẹ̀ wọ́n." Ó wo ilẹ̀. "Kò túmọ̀ sí pé mo ti gbàgbé o. Ohun tí a bá ṣe níbẹ̀, ẹ ò ní í mú un jáde."

"Mi ò ní í mú un jáde."

"Bí wọ́n bá dé, ẹ ò ní í sá fi wá sílẹ̀."

Ó fẹ́ yára dáhùn, ṣùgbọ́n ó ti parọ́ tó. Ó ro ara rẹ̀ wò, bó ṣe jókòó sí sítúdíò n'Íbàdàn. "Ẹ̀rù á bà mí," ó wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n mi ò ní í sá."

Fisáyọ̀mi mi orí. "Ẹ wọ bàtà yín."

Ilé ìlagi kan tí wọn kò lò mọ́ ni, ní ọ̀nà Òǹdó, igbó ti fẹ́rẹ̀ bò ó. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ tó ti Sábó. Ìbẹ̀rù ti mú àwọn kan jókòó sílé. Àwọn tó wá náà kí Awóyẹmí, ṣùgbọ́n wọn kò rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọbìnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣọ́ títì. Aminullah tan ẹ̀rọ. Òjò tó ń kán láti ara páànù ni wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì gé e wẹ́wẹ́ títí ó fi ń rìn. Awóyẹmí tẹ́tí, kò tètè fi ọwọ́ kàn án. Nígbà tó rí ibi tí òjò náà ń mí, ó fi ìka kan síbẹ̀, lẹ́yìn náà òmíràn. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Fisáyọ̀mi súnmọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó la ẹnu.

Ìgbà náà ni ọmọ tó ń ṣọ́nà gbé ọwọ́ sókè. Ìró mọ́tò ńlá ń bọ̀ lójú títì.

Aminullah pa ẹ̀rọ. Mọ́tò náà ń súnmọ́, ó ń fa jíà, ẹsẹ̀ Awóyẹmí sì ti kọrí sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ògiri ti là. Ó rí i pé Fisáyọ̀mi ń wo òun. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ tábìlì dùùrù mú, ó dúró. Òógùn ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú, kò nù ún.

Lọ́rí ni. Màlúù ló kó, ó ń lọ sí Sábó, wọ́n rí ìwo wọn bó ṣe kọjá. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Ọmọ tó ń ṣọ́nà tún kọ ojú sí títì.

"Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀," Fisáyọ̀mi wí. "Bọ̀dá Wóyẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ yẹn."

Ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára tábìlì. Ó tẹ̀ ẹ́.